Bí A Ṣe Ń Fún Pẹ́dàlì Gìtá Púpọ̀ Ní Iná Láti Orísun Kan

Ìṣọ́ òru kan ni, ní Ìbàdàn. Olórí orin juwọ́ sí wa pé kí gbogbo ohun èlò dákẹ́, kí gìtá nìkan máa lọ díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ àdúrà. Mo tẹ delay mi mọ́lẹ̀ (pẹ́dàlì ni, àpótí kékeré tí à ń fẹsẹ̀ tẹ̀ láti yí ohùn gìtá padà; delay ń tún ohùn sọ bí ìró tó ń padà wá), ni mo bá gbọ́ ohun kan tó ń ké fíín láti inú amplifier, bí ẹ̀fọn tó fẹ́ wọ ènìyàn létí. Nígbà tí ìlù ń lọ, ìlù ti bò ó mọ́lẹ̀. Nígbà tí ilé parọ́rọ́, kò rí ibi sá sí mọ́. Mo pààrọ̀ wáyà, ó ṣì ń ké. Mo yá gìtá ẹlòmíì, ó ṣì ń ké. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko kọjá kí n tó mọ̀ pé adápítà kan ṣoṣo tí mo fi ń bọ́ pẹ́dàlì márààrún ló wà nídìí rẹ̀.

Nínú orin ìyìn àti nínú jùjú, ohùn gìtá sábà máa ń mọ́ tónítóní. Ariwo tó kéré bí orí abẹ́rẹ́ ni gbogbo ènìyàn máa gbọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ iná yìí kí ẹ tó náwó. Owó wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ìṣirò ló ń ṣáájú owó. Ẹ mọ ohun tí pẹ́dàlì kọ̀ọ̀kan ń jẹ kí ẹ tó kó wọn jọ sídìí àwo kan.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára pẹ́dàlì kọ̀ọ̀kan

Ẹ mú bébà àti bírò. Ẹ yí pẹ́dàlì kọ̀ọ̀kan dojú bolẹ̀, ẹ wo ìdí rẹ̀, ẹ sì wo ẹ̀gbẹ́ ihò tí adápítà ń wọ̀. Tí ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ bá ti pa rẹ́, ẹ lọ wá ìwé rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun mẹ́rin lẹ máa kọ sílẹ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Fóltì ni àkọ́kọ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú pẹ́dàlì ń lo 9V. Fóltì dà bí ìwọ̀n bàtà: ó gbọ́dọ̀ bá ẹsẹ̀ mu. Tí pẹ́dàlì 9V bá gba 18V, ó lè kú lójú ẹsẹ̀, àfi tí ìwé rẹ̀ bá sọ pé ó lè gbà á. Tí èyí tó ń lo 18V bá gba 9V, kò ní kú, àmọ́ ohùn rẹ̀ á fún pọ̀, tàbí kó má tilẹ̀ tàn.

Ẹ̀kejì ni irú iná. DC ni iná tí bátìrì ń mú jáde, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ pẹ́dàlì ń lò. Àmì rẹ̀ jẹ́ ìlà gbọọrọ kan tó ní ìlà kéékèèké mẹ́ta lábẹ́. Àmì AC dà bí ìgbì omi: ~. Pẹ́dàlì díẹ̀ wà tó ń fẹ́ AC. Line 6 DL4 aláwọ̀ ewé ti ìgbà àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, 9V AC ló ń lò. Kò sí bí ẹ ṣe lè kó irú rẹ̀ mọ́ àwọn tó kù. Adápítà tirẹ̀ ló máa lò.

Ẹ̀kẹta ni ibi tí + àti − wà. Ẹ máa rí àwòrán róbótó kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò náà, tó ń fi èyí tó wà láàárín àti èyí tó wà níta hàn. Lára pẹ́dàlì gìtá, − ló sábà máa ń wà láàárín, + á sì wà lára irin ìta. Bí ilé iṣẹ́ Boss ṣe ń ṣe é nìyẹn lára àwọn pẹ́dàlì kéékèèké tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní 1977, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ yòókù sì ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Ìdí gidi wà fún un: nínú ihò náà, irin tó ń kan ìta ẹnu adápítà ni wọ́n fi ṣe súwíìṣì tó ń gé bátìrì kúrò nígbà tí adápítà bá wọlé. Nítorí pé + bátìrì ni wọ́n fẹ́ gé, + bọ́ sí ìta.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fojú kékeré wo èyí. Adápítà modẹ́ẹ̀mù tó wà nínú yàrá yín lè wọ ihò pẹ́dàlì yín rẹ́gí, torí ìwọ̀n ẹnu kan náà ni, 5.5 mm níta àti 2.1 mm nínú. Àmọ́ lára ọ̀pọ̀ adápítà modẹ́ẹ̀mù, + ló wà láàárín. Ẹnu tó wọ ihò kò túmọ̀ sí pé iná inú rẹ̀ bá pẹ́dàlì mu.

Ẹ̀kẹrin ni mA, ìyẹn miliámpù. Ebi pẹ́dàlì nìyẹn. Overdrive lásán, èyí tó ń mú ohùn gìtá ha, sábà máa ń jẹ láàárín 5 sí 20 mA. Boss DD-7, tó jẹ́ delay digital, ń jẹ 55 mA. Strymon BigSky, tó jẹ́ reverb (èyí tó ń mú ohùn dún bíi nínú gbọ̀ngàn ńlá), ń fẹ́ 300 mA. Line 6 HX Stomp ní tirẹ̀, adápítà 3 ámpù, ìyẹn 3000 mA, ni wọ́n tà á pẹ̀lú rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ ro ebi wọn pọ̀

Ẹ jẹ́ ká fi pátákó tèmi, èyí tí mo to pẹ́dàlì mi sí, ṣe é. Tuner mi, tí mo fi ń yí okùn gìtá sí ohùn tó yẹ, Boss TU-3 ni, ó ń jẹ 30 mA. Overdrive ń jẹ 10. Chorus, tó ń mú ohùn gìtá kan dà bíi ti púpọ̀, ń jẹ 20. DD-7 ń jẹ 55. BigSky ń jẹ 300. Tí ẹ bá rò ó pọ̀, 415 mA ni. Mo máa ń fi ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ kún un kí adápítà lè rí ibi mí. Ìyẹn á sún mọ́ 520 mA. Adápítà Boss PSA, tí agbára rẹ̀ jẹ́ 500 mA, á gbé e lóòótọ́, àmọ́ kò ní àlàfo tó tó, n kò sì ní fi gbogbo alẹ́ lé e lórí.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bẹ̀rù láìnídìí. Wọ́n á rí adápítà 9V tí wọ́n kọ 2000 mA sí lára, wọ́n á ní á jó pẹ́dàlì tó ń jẹ 10 mA. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìkòkò ọbẹ̀ tó tóbi kì í ti oúnjẹ bọ ọmọdé lẹ́nu. Ohun tí ikùn ọmọ gbà lọmọ ń bù. mA tó pọ̀ lára adápítà kì í ṣe pẹ́dàlì ní nǹkan kan, fóltì ni ẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́. Èyí tó ń dá wàhálà sílẹ̀ ni mA tó kéré jù. Delay á máa kú, á máa tún ara rẹ̀ tàn. Iná orí pẹ́dàlì á ṣú. Reverb á máa gé. Adápítà á gbóná débi tí ọwọ́ kò ní lè dúró lára rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ yan bí iná náà ṣe máa pín

Ọ̀nà méjì ló wà. Èkíní ni wáyà ẹlẹ́nu púpọ̀: adápítà kan, wáyà kan tó ní ẹnu márùn-ún tàbí mẹ́jọ, ẹ ó sì ki ẹnu kọ̀ọ̀kan bọ pẹ́dàlì kọ̀ọ̀kan. Truetone 1 Spot gbajúmọ̀ nínú irú èyí. 9V ni, agbára rẹ̀ sì tó 1700 mA. Ọ̀nà kejì ni àpótí iná tí ihò kọ̀ọ̀kan lára rẹ̀ dá dúró, tí iná inú ihò kan kò bá ti èkejì pàdé.

Wáyà ẹlẹ́nu púpọ̀ kì í ṣe ohun tí à ń kẹ́gàn. Tuner, overdrive, chorus àti wah (èyí tó ń mú gìtá ké wáà-wáà) lè wà lórí rẹ̀ fún ọdún púpọ̀ láìsí wàhálà. Èmi náà lò ó bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́rin. Ọjọ́ tí mo ra delay digital tí mo sì so ó mọ́ wọn ni ariwo dé.

Ìdí méjì ló ń fa ariwo yẹn, ó sì yẹ kí ẹ mọ méjèèjì yàtọ̀ síra, nítorí ohùn wọn yàtọ̀, ìtọ́jú wọn náà yàtọ̀.

Èkíní ni igbe fíín tí mo sọ lókè. Kọ̀ǹpútà kékeré kan wà nínú pẹ́dàlì digital. Kọ̀ǹpútà yẹn ní aago tó ń lù ní ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, bó sì ṣe ń lù ló ń já iná gbà ní wàrà-wàrà. Wàrà-wàrà yẹn á bọ́ sínú wáyà tí gbogbo wọn jọ ń pín. Overdrive tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò mọ̀ pé kì í ṣe ohùn gìtá; á gbà á, á sì sọ ọ́ di ńlá. Tí pẹ́dàlì digital bá wá di méjì, aago wọn kò ní lù déédéé ara wọn, ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì sì lè bọ́ sáàárín 20 Hz àti 20,000 Hz (iye ìgbà tó ń mì láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan) tí etí ènìyàn ń gbọ́. Ìyẹn ló ń ké bí ẹ̀fọn.

Èkejì ni ìkùn tó lọ sílẹ̀, hùn-ùn-ùn, bíi ti fíríìjì àtijọ́. Iná tó bá jáde láti inú adápítà gbọ́dọ̀ padà síbẹ̀. Lórí wáyà ẹlẹ́nu púpọ̀, ọ̀nà méjì ló wà láàárín pẹ́dàlì kan àti èkejì: ọ̀nà kan gba inú wáyà iná, ìkejì gba ara irin tó bo wáyà gìtá tó so wọ́n pọ̀. Ọ̀nà méjèèjì pàdé, wọ́n di òrùka. Òrùka wáyà bẹ́ẹ̀ á máa fa iná ògiri tó wà láyìíká mọ́ra, iná wa ní Nàìjíríà sì ń yí ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ohun tí ẹ ń gbọ́ nìyẹn.

Àpótí iná tí ihò rẹ̀ dá dúró ń tọ́jú méjèèjì. Ihò kọ̀ọ̀kan ní wáyà tránsífọ́mà tirẹ̀, tàbí ẹ̀rọ kékeré tirẹ̀ tó ń ṣe iná fún un. Òrùka já, nítorí wáyà gìtá nìkan ni ọ̀nà tó kù láàárín pẹ́dàlì kan àti èkejì. Aago delay kò sì rí ojú ọ̀nà gbà lọ bá overdrive.

Ẹ ṣọ́ra o, ọ̀pọ̀ àpótí olówó pọ́ọ́kú ni wọ́n kọ «isolated», ìyẹn pé ihò rẹ̀ dá dúró, sí lára tí kò sì rí bẹ́ẹ̀ nínú. Ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín kí ẹ tó sanwó. Ẹ yọ àpótí náà kúrò lára iná pátápátá. Ẹ mú multimeter, èyí tí àwọn oníná ń pè ní mítà, ẹ yí i sí ibi tó máa ń dún píì. Ẹ fi ẹnu wáyà méjì bọ ihò méjì lára àpótí, kí ẹ fi irin mítà kan kan irin ìta ẹnu àkọ́kọ́, kí ẹ fi ìkejì kan irin ìta ẹnu kejì. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún irin àárín wọn náà. Tó bá dún, ihò méjèèjì jọ so pọ̀ nínú ni. Wáyà ẹlẹ́nu púpọ̀ ni, àpótí ni wọ́n kàn fi bò ó. Tí kò bá dún, ẹ gbìyànjú àwọn ihò yòókù ní méjì-méjì.

Ohun kejì tó yẹ kí ẹ wò ni mA ihò kọ̀ọ̀kan. Àròpọ̀ tí wọ́n kọ síwájú páálí kò tó. Strymon Zuma ní ihò 9, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì lè gbé 500 mA. CIOKS DC7 ní ihò 7, ọ̀kọ̀ọ̀kan lè gbé 660 mA tí ó bá wà lórí 9V, ẹ sì lè yí ihò kọ̀ọ̀kan sí 12V, 15V tàbí 18V. Àmọ́ àpótí míì wà tó jẹ́ pé 100 mA péré ni ihò rẹ̀ kọ̀ọ̀kan lè gbé. BigSky kò lè jẹun yó níbẹ̀ láéláé, bí ihò náà tilẹ̀ pé ogún.

Zuma àti DC7 wọ́n, n kò ní tan yín. Ohun tí mo máa ń gba àwọn ọ̀dọ́ níyànjú láti ṣe ni pé kí wọ́n da ọ̀nà méjèèjì pọ̀. Ẹ wo pátákó mi lẹ́ẹ̀kan sí i: tuner, overdrive àti chorus jẹ́ 60 mA lápapọ̀. Mo fi wáyà ẹlẹ́nu mẹ́ta kó wọn sórí ihò 100 mA kan. DD-7 wà lórí ihò 100 mA tirẹ̀. BigSky wà lórí ihò 500 mA tirẹ̀. Àpótí kékeré tó ní ihò mẹ́ta péré tí ó dá dúró lóòótọ́ ti tó fún pẹ́dàlì márùn-ún. Àwọn tó ní kọ̀ǹpútà nínú ni kí ẹ kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ yọ àwọn aláìgbọràn sẹ́gbẹ̀ẹ́

Fuzz àtijọ́ (pẹ́dàlì tó ń mú ohùn gìtá ha gan-an) tí wọ́n fi transistor germanium irú PNP ṣe ni ẹ gbọ́dọ̀ bẹ̀rù jù. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, + ni wọ́n so mọ́ ara irin pẹ́dàlì, nígbà tó jẹ́ pé − ni àwọn tó kù so mọ́ ara wọn. Tí ẹ bá fi í sórí wáyà ẹlẹ́nu púpọ̀ kan náà, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí wáyà gìtá bá so ó mọ́ pẹ́dàlì kejì, + àti − adápítà kan náà ti pàdé nìyẹn. Gbogbo pátákó á kú, adápítà sì lè jóná. Ihò tó dá dúró lè gbé e, kìkì pé kí + àti − ẹnu rẹ̀ bá a mu. Tí irú fuzz bẹ́ẹ̀ kò bá tilẹ̀ ní ihò adápítà, ẹ fi bátìrì sí i kí ẹ sì fi ọkàn balẹ̀. Iná tó ń jẹ kéré débi pé bátìrì kan á pẹ́ gan-an nínú rẹ̀.

Tí pẹ́dàlì kan bá ń fẹ́ 18V tí àpótí yín kò sì ní i, wáyà pàtàkì kan wà tó ń so ihò 9V méjì pọ̀ di 18V. Ihò tó dá dúró nìkan lẹ lè lò ó fún. Lórí èyí tí kò dá dúró, + ihò kan á kọjú ìjà sí − ìkejì.

Big Muff àtijọ́ kan láti ọwọ́ Electro-Harmonix ń lo ẹnu 3.5 mm, irú èyí tó wà lẹ́nu wáyà agbọ́hùn etí. Ẹ ra wáyà tó bá a mu. Ẹ má gé wáyà kí ẹ máa lọ́ ọ pọ̀ pẹ̀lú téèpù.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ wo iná ògiri kí ó tó wo yín

Àpótí iná àkọ́kọ́ tí mo rà, tokunbo láti Amẹ́ríkà ni. Ẹni tó tà á fún mi búra pé iná wa ló ń lò. Mo gbà á gbọ́, mo kì í bọ ògiri, èéfín sì yọ kí n tó gbọ́wọ́ kúrò lára súwíìṣì. Ó dùn mí púpọ̀, nítorí oṣù mẹ́ta ni mo fi tọ́jú owó yẹn. Iná ilé ní Amẹ́ríkà jẹ́ 120V; tiwa jẹ́ 230V, gẹ́gẹ́ bíi ti Bìrìtìkó. Ẹ ka ibi tí wọ́n kọ INPUT sí lára àpótí náà fúnra yín. Tí ẹ bá rí 100–240V, kò séwu, ó ń lọ káàkiri ayé. Tí ẹ bá rí 120V nìkan, ó di dandan kí ẹ ra tránsífọ́mà tó ń rẹ iná sílẹ̀, kí ẹ sì máa gbé e káàkiri pẹ̀lú pátákó. Ẹ̀yin tó wà lókè òkun tí ẹ ń ra ẹrù ránṣẹ́ sílé fún ọmọ ìjọ tàbí àbúrò yín, ìlà kékeré yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Jẹnẹrétọ̀ kékeré, irú èyí tí à ń pè ní I-better-pass-my-neighbour, kì í mú iná jáde ní ìwọ̀n kan. Tí ẹnìkan bá tan fáànù ńlá, iná á wálẹ̀. Tó bá pa á, iná á fò sókè. Ẹ fi stabilizer sáàárín. Nígbà tí wọ́n bá mú iná dé, tí ẹni tó wà nídìí changeover sì ń sáré lọ yí i, ẹ pa pátákó yín ná. Ẹ jẹ́ kí iná náà fìdí múlẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì. Ìgbà yíyí yẹn ló ń pa ẹrù jù. Ní ti inverter, èyí tí ìgbì iná rẹ̀ ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ bíi ti iná ògiri (lára rẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ pure sine wave sí) ni kí ẹ fẹ́. Èyí tí ìgbì rẹ̀ jẹ́ onígun máa ń fi ariwo sínú àpótí iná tó ní tránsífọ́mà ńlá, tránsífọ́mà náà á sì máa gbóná.

Amplifier àti pátákó, ẹ fi méjèèjì sórí extension kan náà. Tí amplifier bá wà lórí ògiri ọwọ́ ọ̀tún, tí pátákó wà lórí ògiri ọwọ́ òsì, ẹ ti fọwọ́ ara yín tún ṣe òrùka tó ń kùn.

Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa: ẹ má ṣe gé ẹsẹ̀ kẹta, ẹsẹ̀ áàtì, kúrò lára púlọ́ọ̀gì nítorí pé ẹ fẹ́ kí ìkùn lọ. Mo ti rí i tí wọ́n ń ṣe é nínú ìjọ púpọ̀. Lóòótọ́ ìkùn á lọ. Àmọ́ lọ́jọ́ tí iná bá jò sára irin amplifier, okùn gìtá tó wà lọ́wọ́ yín ti di wáyà iná nìyẹn, maikirofóònù tó ní áàtì sì wà lẹ́nu yín. Ènìyàn máa ń kú síbẹ̀. Ìkùn kò tó ohun tí à ń kú fún.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n kí ẹ tó kì í bọ̀ ọ́

Ẹ tan àpótí iná, láìtíì so pẹ́dàlì kankan mọ́ ọn. Ẹ yí mítà sí DC, ibi 20V. Irin pupa á kan irin ìta ẹnu wáyà, irin dúdú á wọ àárín. Tó bá kọ iye tó sún mọ́ 9, + wà níta bó ṣe yẹ. Tó bá kọ −9, òdìkejì ni. Ẹ má kì í bọ pẹ́dàlì. Tí adápítà tí wọ́n kọ 9V sí lára bá ń fi 12 tàbí 14 hàn, irú àtijọ́ tí kò lè kó ara rẹ̀ níjàánu ni. Fóltì rẹ̀ á wálẹ̀ tí ẹ bá gbé ẹrù lé e, àmọ́ n kò ní fi í sórí pẹ́dàlì digital mi.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ tò ó sórí pátákó

Ẹ gbé àpótí iná sábẹ́ pátákó, sí ẹ̀gbẹ́ tó jìnnà sí wah. Wah ní wáyà tí wọ́n ká sínú rẹ̀, tó ń gbọ́ tránsífọ́mà tó bá sún mọ́ ọn. Tó bá wà lórí rẹ̀ gan-an, á máa kùn bí ẹ ṣe ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Wáyà iná gba apá kan, wáyà ohùn gba apá kejì. Níbi tí wọ́n bá ti gbọ́dọ̀ pàdé, kí ọ̀kan gba orí èkejì kọjá bí àgbélébùú; ẹ má jẹ́ kí wọ́n rìn pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Wáyà iná tó bá gùn jù, ẹ ká a jọ kí ẹ dì í, àmọ́ ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ kí ó má máa fa ẹnu rẹ̀ nínú ihò.

Ẹ yọ bátìrì kúrò nínú gbogbo pẹ́dàlì tó ń lo adápítà. Bátìrì tí a gbàgbé síbẹ̀ lè yọ omi, omi yẹn sì ń jẹ irin inú pẹ́dàlì.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ẹ tan wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ tẹ́tí sílẹ̀

Ẹ rẹ amplifier sílẹ̀. Ẹ so pẹ́dàlì kan ṣoṣo mọ́ iná, ẹ gbé ohùn sókè díẹ̀, ẹ fetí sílẹ̀ láìfọwọ́ kan okùn gìtá. Ẹ so èkejì, ẹ tún fetí sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ ṣe títí á fi pé. Èyí tí ariwo bá bá wọlé ni ẹ ti mú yẹn.

Tó bá ń ké fíín, ẹ gbé e lọ sí ihò tó dá dúró tirẹ̀. Tó bá ń kùn hùn-ùn-ùn, ẹ wo wáyà gìtá tó wọ inú rẹ̀ àti èyí tó jáde, kí ẹ sì tún wo extension. Tí ìkùn náà bá lọ nígbà tí ẹ fọwọ́ kan okùn gìtá, ẹ fi pẹ́dàlì sílẹ̀; inú gìtá yín tàbí áàtì ilé náà ni kí ẹ wò. Tó bá jẹ́ pé ariwo wà bí ẹ tilẹ̀ yọ gbogbo pẹ́dàlì tí ẹ so gìtá tààrà mọ́ amplifier, àpótí iná kò mọ̀ nípa rẹ̀ rárá. Mo ti rí ẹni tó tìtorí fitila tube tó wà lókè orí rẹ̀ ra àpótí iná tuntun.

Ìdánwò kan wà tí mo fẹ́ràn púpọ̀: ẹ fi bátìrì 9V tuntun sínú pẹ́dàlì tí ẹ fura sí, kí ẹ yọ adápítà rẹ̀. Tí ariwo bá dákẹ́, iná ló fà á. Tí kò bá dákẹ́, pẹ́dàlì fúnra rẹ̀ ni. Bátìrì kan péré lè gbà yín lọ́wọ́ oṣù méjì tí ẹ ì bá fi máa ra ohun tí kò yẹ.

Nínú àpò gìtá mi, mo máa ń ní wáyà iná kan tó kù, adápítà 9V kan àti bátìrì náà. Bébà tí ẹ kọ ní ìgbésẹ̀ kìíní, ẹ má sọ ọ́ nù. Ẹ fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ pátákó, kí ẹ kọ nọ́ńbà ihò tí pẹ́dàlì kọ̀ọ̀kan wà sí iwájú orúkọ rẹ̀. Lóru tí iná bá kú láàárín orin, tí ẹlòmíì ń fi tọ́ọ̀ṣì fóònù bá yín wá ẹnu wáyà tó yọ, bébà yẹn ló máa wò.